Aṣọ Mọ́tò Wolé-Wolé

Jóṣúà Fádípẹ̀ ní mọ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ló ń gùn kiri Ìlá. Ẹ ò ṣì í gbọ́. Pijó 504 aláwọ̀ ewé, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í wúkọ́, wà nínú ọgbà ilé rẹ̀, bàbá náà á sì tún lọ dúró lẹ́bàá títì, á máa na ọwọ́ sí ọlọ́kadà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, á ní eruku ti pọ̀ jù lójú títì fún mọ́tò. Bí òjò bá rọ̀ tí eruku lọ, á ní ẹrẹ̀ ńkọ́.

Wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìntì. Ó ti yọjú wo gbogbo ìkòkò omi tó wà láti Ìlá títí dé Ọ̀rà, ó sì ti tìtorí tanwíjí gbé àwọn ìyálé ilé lọ sí kóòtù. Nígbà tí ìjọba ní kó lọ sinmi, kò rí tanwíjí yẹ̀ wò mọ́, ló bá kọjú sí mọ́tò. Ọmọ rẹ̀ Tolúwalọpẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ló wá ba ọ̀ràn jẹ́ pátápátá nígbà tó ra aṣọ ìbomọ́tò bọ̀ wálé ní Kérésìmesì. Aṣọ tó nípọn ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, inú rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, Jóṣúà á ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ yìí, á fọwọ́ pa mọ́tò lára, á ní, “Òtútù ò mú un.” Oyèbísí ìyàwó rẹ̀ á wà níbẹ̀ nínú ìró kan ṣoṣo, eyín rẹ̀ á máa gbá ara wọn. Ọkọ rẹ̀ ò bi í léèrè rí bóyá òtútù ń mú òun náà.

Ohun tó ń dun Oyèbísí nìyẹn, kò sí òmíràn. Kì í ṣe obìnrin ló ń jowú, nítorí Jóṣúà kì í wo obìnrin. Aṣọ mọ́tò ló ń jowú, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́ síta. Aránṣọ ni òun fúnra rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń rán aṣọ fún, kí ayé wá gbọ́ pé aṣọ ló di orogún rẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Ó wá di Sátidé tó ṣáájú ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Jóṣúà ní ìpàdé àwọn wolé-wolé tó ti fẹ̀yìntì ní Òkè-Ìlá, àwọn ẹyẹ tó ń sùn lórí igi máńgòrò sì ti ṣe ohun tó wù wọ́n sórí aṣọ mọ́tò. Tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ń fọ aṣọ náà bí kò ṣe Jóṣúà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí kò sí bó ṣe lè ṣe é. Ó pe Oyèbísí jókòó bí ẹni fẹ́ sọ àsọtẹ́lẹ̀.

“Ìyá Tolú, fetí sílẹ̀ dáadáa. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀ kí omi tó kàn án. Ìgbẹ́ ẹyẹ yẹn, rẹ ẹ́ títí yóò fi dẹ̀, má ha á. Omi tútù ni o, ọṣẹ tí a fi ń wẹ ọmọ ni. Má fún un. Inú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, torí iyanrìn kékeré tó bá há síbẹ̀, ara mọ́tò ni yóò lọ ha. Òòrùn ò gbọ́dọ̀ rí i. Kó o sì rí i pé ó gbẹ porogodo kó o tó fi bo mọ́tò, torí bí ọ̀rinrin bá kù nínú rẹ̀, aṣọ á bu, ọ̀dà ara mọ́tò á máa lé ròrò.”

“Bí ò bá tètè gbẹ ńkọ́?”

“Kí n tó dé, kó ti wà lára mọ́tò. Mi ò fẹ́ kó sùn níhòòhò.”

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Oyèbísí jókòó síbẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, èyí ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí ọkọ rẹ̀ bá a sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá pinnu pé òun á fọ aṣọ yìí débi pé bí Jóṣúà bá dé, á gbójú kúrò lára mọ́tò, á wo ẹni tó fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó fọ̀ ọ́. Ó gbọn eruku, ó rẹ ìgbẹ́ ẹyẹ, ó fi ọṣẹ ọmọ fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ àkọ́bí. Ó ké sí Elizabeth, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yan gàrí ní ìdí ilé wọn, àwọn méjèèjì jọ gbé e láìfún un, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọparun lábẹ́ máńgòrò. Inú rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Òòrùn ò rí i, nítorí òòrùn pàápàá ò jáde lọ́jọ́ náà. Ojú ọ̀run ṣú, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, títí ọ̀sán fi pọ́n, aṣọ náà ṣì ń ro tótó bí imú ọmọdé.

“Bàbá Tolú á pa mí,” Oyèbísí ní.

Elizabeth wò ó. “Kí ló ní kó má rí aṣọ náà?”

“Òòrùn.”

“Ó dárúkọ iná?”

Oyèbísí ronú. Kò dárúkọ iná lóòótọ́. Elizabeth ní ó tán, kí wọ́n gbé e lọ sí abà gàrí òun, níbi tí ààrò ti ń jó láti àárọ̀, tí òrùlé wà, tí òòrùn ò ti lè yọjú. Bí wọ́n ṣe so ó mọ́ àjà nìyẹn, lókè agbada gàrí, àwọn obìnrin tó ń yan gàrí sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ lábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́, kò jìnnà, aṣọ gbẹ. Ó gbẹ kọjá bó ṣe yẹ kó gbẹ. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, Oyèbísí rí i pé ó ti súnkì, ó ti kéré débi pé ọwọ́ òun nìkan ti tó láti gbé e.

Wọ́n dà á bo Pijó. Ó bo òrùlé, ó bo díẹ̀ nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró síbẹ̀. Ó rí bí ìgbà tí bàbá àgbà bá wọ bùbá ọmọ ọmọ rẹ̀. Elizabeth fà á níwájú, ẹ̀yìn hàn. Oyèbísí fà á lẹ́yìn, iwájú hàn. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i.

Obed tó ń lẹ táyà ní ìkángun ọgbà ló bá wọn dámọ̀ràn. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wí, ohun tó sọ nìyí: “Màmá, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣòro? Bí aṣọ ò bá tó mọ́tò, ẹ jẹ́ ká dín mọ́tò kù.”

Àwọn obìnrin méjì tí orí wọn pé, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní òótọ́ ni. Obed tú afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù, mọ́tò rọra kúnlẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ sùn. Aṣọ ò tó. Ó tú díńgí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Aṣọ ò tó. Ó tú bọ́ńpà, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó kó wọn sábẹ́ igi. Elizabeth ní bóyá bí ènìyàn bá wọ inú rẹ̀ jókòó, á tún wálẹ̀ díẹ̀ sí i, ó sì ké sí àwọn ayangàrí, wọ́n wọlé jókòó, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n káwọ́ gbera bí ẹni ń lọ sí Ìgbájọ. Oyèbísí àti Obed wá di aṣọ mú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n fà á pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún wọn. Aṣọ náà ya láàárín, fààà.

Àwọn tó wà nínú mọ́tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní gàrí àwọn ń jóná.

Oyèbísí kó aṣọ tó ya náà mọ́ra, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Kì í ṣe ìbáwí ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọkọ òun ò ní bá òun wí. Á kàn wo mọ́tò, á ṣàánú mọ́tò, òun á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀ bí àga. Nígbà tí ẹkún tó, ó nu imú, inú sì bí i. Ó ní bó bá jẹ́ pé aṣọ nìkan lọkùnrin yìí ní ojú fún, òun náà mọ ohun tí òun lè ṣe. Ó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó gé e, ó rán an. Ìgbà tí Jóṣúà fi máa sọ̀ lórí ọ̀kadà nírọ̀lẹ́, ìró ti wà, bùbá ti wà, gèlè ti wà, gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ eérú, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pijó tó kúnlẹ̀.

Jóṣúà wo mọ́tò. Ó wo ìyàwó. Ó yí ìyàwó po lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe máa ń yí mọ́tò po. Ó tẹ̀ba, ó fọwọ́ kan etí ìró.

“Omi tútù lo lò?”

“Omi tútù ni.”

“O ò fún un?”

“Mi ò fún un, Bàbá Tolú. Iná ló mú un súnkì.”

Jóṣúà mí kanlẹ̀. Oyèbísí ń retí kó kígbe, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ jókòó sórí pèpéle, ọkùnrin náà di apá rẹ̀ mú. “Má jókòó síbẹ̀, iyanrìn wà níbẹ̀.” Ó wọlé, ó gbé àga jáde, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nù ún, ó ní kó jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ṣe di ohun mìíràn. Lọ́jọ́ ìkórè, Jóṣúà ní aṣọ yẹn ò lè rìn nínú eruku dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí Obed fẹ́ táyà. Pijó tí kò ní bọ́ńpà, tí kò ní díńgí, jáde sí títì ní ọ̀sán gangan, Oyèbísí jókòó níwájú, àwọn èèyàn sì ń bọ́ sójú fèrèsé wò ó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Jóṣúà nu bẹ́ǹṣì kó tó jẹ́ kó jókòó. Nígbà tí wọ́n ń jó lọ síwájú pẹpẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, ó ń gbé etí ìró rẹ̀ sókè kó má baà kan ilẹ̀. Àwọn obìnrin ń tẹ ara wọn nígunpá, wọ́n ní irú ọkọ wo lèyí. Oyèbísí ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọkàn rẹ̀ sì korò bí ewúro. Aṣọ ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀, òun kọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó bọ́ ọ. Ó fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, ó sá a sábẹ́ máńgòrò, ó wọ ògbólógbòó ìró àǹkárá rẹ̀, ó gbé garawa lọ sí kànga ní apá kejì ọgbà. Ó fẹ́ mọ̀. Bí òun bá wà láìsí aṣọ yẹn lára, kí lòun jẹ́ nínú ilé yìí? Ibi tó ti gbé omi rù tó ń bọ̀ ni òjò ti já lulẹ̀ láìkìlọ̀.

Jóṣúà sáré jáde nínú ilé pẹ̀lú agbòòrùn lọ́wọ́. Aṣọ wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ìyàwó wà lápá òsì. Ó dé àárín ọgbà, ó dúró. Ó kọjú sí aṣọ, ó kọjú sí ìyàwó, ó tún kọjú sí aṣọ. Òjò ń pa á, kò tilẹ̀ rántí ṣí agbòòrùn.

Obìnrin mìíràn á bínú pé ọkọ òun ní láti rò ó kó tó mọ ibi tí yóò yà sí. Oyèbísí ò bínú. Ó dúró pẹ̀lú garawa lórí, omi ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni pé wọ́n dárúkọ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Jóṣúà ò ní dúró rárá, ọ̀dọ̀ aṣọ ni ì bá yà sí tààrà. Àánú rẹ̀ tilẹ̀ ṣe é.

“Bàbá Tolú, ẹ lọ kó aṣọ. Èmi kì í súnkì.”

Jóṣúà gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bó ṣe máa ń yẹ ìkòkò omi wò nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí agbòòrùn, ó wá bá a, ó sọ garawa kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì fi agbòòrùn bò ó.

“Èyí tó máa súnkì lára aṣọ yẹn,” ó ní, “ti súnkì tán.”

Wọ́n jọ rìn lọ sílé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Agbòòrùn náà ò tó ènìyàn méjì, apá Jóṣúà kan sì wà nínú òjò. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó yí ọrùn wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan. Oyèbísí rí i, ó sì jẹ́ kó wò ó.