Ẹja Tí Eṣinṣin Kò Bà Lé

Lọ́dún tí ọyẹ́ jókòó sórí ìlú Ẹ̀dá-Oníyọ̀ tí kò fẹ́ dìde mọ́, odò Àwẹ̀ gbẹ títí ó fi ku kòtò omi níhìn-ín, kòtò omi lọ́hùn-ún. Bí odò bá ti rí báyìí, àwọn obìnrin ìlú ló ni ín. Wọn á jọ lọ gbọ́n ọn, wọn á fi amọ̀ dí i, wọn á máa fi igbá da omi sóde, wọn á máa kọrin títí ẹja yóò fi máa ta nínú ẹrẹ̀. Ọkùnrin kankan kì í débẹ̀. Ẹja tó bá kọ́kọ́ jáde, ti obìnrin tó bímọ gbẹ̀yìn nílùú ni. Wọn kì í pín in, wọn kì í dá a padà, ẹni tó bá sì gbé e lọ kò gbọdọ̀ kúrò nílé ọlọ́mọ títí yóò fi rí i pé wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Lọ́dún yìí, Motúnráyọ̀ ọmọ Alice ni ọlọ́mọ náà. Inú Alice dùn kọjá sísọ. Ọdọọdún ni wọ́n ti ń gbé ẹja yìí kọjá iwájú ilé rẹ̀ lọ sílé ẹlòmíràn, tí yóò kí wọn kú oríire, tí yóò sì wọlé lọ sunkún. Festus, ọkọ ọmọ rẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pàápàá ń yangàn kiri pé ẹja ọdún yìí yóò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ta ló bi í?

Nígbà tí wọ́n dé odò láàárọ̀, iṣẹ́ ti parí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹja ti léfòó lọ súà, ikùn funfun kọjú sókè. Ràbíátù, àgbà wọn, gbọ́wọ́ sókè, ó ní alihamudulilaahi, Ọlọ́run ti bá wọn gbọ́n ọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé bàsíà kalẹ̀. Ràbíátù ṣa àrọ̀ tó tóbi jù, ó fewé wé e, ó gbé e lé Mùnírà ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kadà gbé Mùnírà lọ sílé Motúnráyọ̀, Alice sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Lẹ́yìn èyí ni Alice tó fura pé òun ò gbọ́ nǹkan kan. Kọ̀ǹkọ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì lódò Àwẹ̀ kò ké. Ẹyẹ kò ké. Nígbà táwọn obìnrin dá orin, ohùn wọn ń dún bí ohùn nínú yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Alice bẹ̀rẹ̀ wo bàsíà rẹ̀. Oòrùn ti mú, ẹja ti ń rùn, ṣùgbọ́n eṣinṣin kò bà lé e. Ọ̀kan fò wá, ó yí i po, ó sì padà lọ. Alice rìn dé etí kòtò kejì, ó bá lékeléke méjì nílẹ̀, ẹja ṣì wà lẹ́nu ọ̀kan. Òórùn kan wà níbẹ̀ tí gbogbo aya oníkòkó mọ̀, tí kì í kúrò lára aṣọ ọkọ wọn lásìkò fífín.

Ó padà, ó ní oògùn kòkó ni wọ́n dà sómi, ohun tí rédíò ń pariwo rẹ̀ náà nìyí, kí wọ́n da ẹja nù. Wọ́n ní oòrùn ló pa ẹja. Ràbíátù ní òun ti ń gbọ́n odò yìí kí wọ́n tó bí Alice, ọkùnrin wo ló tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá dán an wò, wọn á lé e nílùú ni, tòun tọmọ rẹ̀. Wọ́n sì ń kó ẹja lọ. Ebi ọdún náà pọ̀, àmọ́ èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ṣì ń bínú sí wọn.

Alice ò dúró jiyàn. Ó ká ìró, ó sáré. Ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ lójú ọ̀nà, igbó sì dákẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ó ń bẹ Ọlọ́run kí igi ìdáná tutù, kí ata tán nílé, kí Mùnírà tilẹ̀ ṣubú lórí ọ̀kadà, kí Ó sì dárí èyí jì í.

Ilé náà dákẹ́ pẹ̀lú. Mùnírà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i kú oríire, ó ní wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Alice já wọlé, ó bá Motúnráyọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ń mu ọyàn, ìyá ọmọ ń ráhùn. Ó ní Festus ò jẹ́ kí òun tọ́ ọ wò, pé ó já ìkòkò gbà, ó ní ẹ̀tọ́ bàbá ọmọ ni, ó sì jẹ ẹ́ torí-tìrù lójú Mùnírà.

Alice bá a lẹ́yìnkùlé. Festus fẹ̀yìn ti ògiri, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Festus, ṣé ìwọ ni?”

“Mo fẹ́ kí tiwa pọ̀ ni, Màmá. Mo rò pé béèyàn bá fọ ẹja dáadáa, oògùn á kúrò. Kí n tó padà dé ulé, ajá tó bá mi lọ, tó jẹ ọ̀kan níbẹ̀, ti kú.” Ó mí kanlẹ̀. “Mùnírà wà ńbẹ̀, ó ń wò mí. Bí mo bá dà á nù, wọn á mọ̀. Wọn á lé wa, àti ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fẹ́nì kan.”

Alice ní kí Mùnírà wá ọ̀kadà tí yóò gbé Festus lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni orin àwọn obìnrin dé lójú títì. Bàsíà wà lórí wọn, wọ́n ń lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ dáná. Ó ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, wọn ò gbà. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n lè gbà gbọ́. Alice wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí ọyàn, ó jáde, ó dúró síwájú Ràbíátù.

“Festus ọkọ ọmọ mi ló da oògùn sódò. Ó ń bẹ lẹ́yìn ulé, ó ń kú lọ. Ẹ sọ ẹja náà kalẹ̀.”

Orin dá. Ràbíátù ló kọ́kọ́ sọ bàsíà rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Alice yíjú padà, Motúnráyọ̀ ti dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.