Páálí Méjì tí Wàhábì Rán

Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún tí Harold ti fi sìgá sẹ́nu gbẹ̀yìn, kò sì sí ohun ẹlẹ́mìí kan tí kò bínú sí. Ó bínú sí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nítorí pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó bínú sí Edith ìyàwó rẹ̀ nítorí pé ó fi ìkòkò kan ìkòkò. Ewúrẹ́ aládùúgbò tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ó sọ bàtà lù ú. Ẹni tí kò bá fa sìgá rí lè máa sọ pé kí ló le níbẹ̀, ṣebí kéèyàn má fà á mọ́ ni. Irú wọn pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, a sì ti gbọ́ ọgbọ́n wọn. Kí wọ́n gbé e wò ná.

Ọmọ kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀. Mọ́ṣádé, ọmọ ọdún méje, òun nìkan ni Harold àti Edith bí, ó sì ní ikọ́ fée. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1985, tí ọyẹ́ ń la ètè gbogbo èèyàn, àyà ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí fun fèrè, ètè rẹ̀ sì ti dúdú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ gbóòórùn ẹ̀wù Harold kó tó bi í ní ìbéèrè kankan.

“Tíṣà,” ó ní, “ẹ̀yin lẹ̀ ń fún ọmọ yín lọ́rùn.”

Ìyá Edith, Màmá Rachel, wà níbẹ̀, ó gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá ọmọ sílẹ̀ ló gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Ayépé.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà,” ó sọ fún Harold. “Bí o bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jáwọ́ nínú ìdọ̀tí yẹn, wá mú ọmọ rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dọ̀ mi ló máa dàgbà sí. Bí o bá sì fẹ́ wá kí i, màá gbóòórùn rẹ lẹ́nu ọ̀nà kí o tó wọlé.”

Ó sì gbóòórùn rẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ kẹta tí Harold jáwọ́ ló sáré lọ síbẹ̀, ó ń dunnú. Màmá Rachel na imú sí i láyà bí ẹni tó ń yẹ ẹja wò lọ́jà, ó ní kó padà. Ẹ̀wù tó wọ̀ ni kò fọ̀, sìgá àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Mọ́ṣádé dúró lójú fèrèsé, ó ń wo bàbá rẹ̀ bó ti ń lọ. Harold sunkún nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi kọjá Òdógbolú, kò sì bojú.

Ẹni tó ń gbé e ró ni Wàhábì. Télọ̀ ni Wàhábì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àdúgbò Ìtòrò. Òun àti Harold jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀yìn ilé ìwé yẹn náà ni wọ́n sì ti jọ kọ́ sìgá. Òun náà ní tirẹ̀ lọ́rùn: ikọ́ ló pa Àbúdù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni wọ́n sì ti bá sìgá nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé òkú. Nígbà tí Wàhábì gbọ́ ohun tí Màmá Rachel sọ, ó ní àwọn méjèèjì làwọn máa jọ jáwọ́, nítorí àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. Ó ní kí oníkálukú mú páálí sìgá tó kù lápò rẹ̀ wá. Ó gé aṣọ kakí, ó rán páálí kọ̀ọ̀kan mọ́ inú rẹ̀ pátápátá bí ẹni rán tírà. Òwú aláwọ̀ ewé ló fi rán an, ojú ìrán lórí ojú ìrán. Ó wá gbé ti ara rẹ̀ fún Harold, ó sì mú ti Harold.

“Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, tèmi ni,” ó ní. “Ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ síni lọ́wọ́, Ọlọ́hun ò ní ká jẹ ẹ́. Bó bá ti ń ṣe ọ́, máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.”

Kì í ṣe pé wọn ò rí sìgá rà, àtẹ wo ni kò sí nílùú? Àdéhùn ni wọ́n ṣe: ẹni tó bá fẹ́ ṣubú, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú.

Bí ilé ìwé bá ti parí, Harold á gba Ìtòrò lọ. Á jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, Wàhábì á fún un ní orógbó jẹ, á tún gbé ẹ̀wù fún un pé kó máa bá òun rán bọ́tìnnì. Tíṣà ń rán bọ́tìnnì! Gbogbo rẹ̀ ló wọ́. Wàhábì á tú u lẹ́yìn rẹ̀, á tún un rán. Harold á máa wò ó, á máa rò ó pé irin ni wọ́n fi ṣe ọ̀rẹ́ òun, pé òun ti di ẹrù sí i lórí. Nígbà mìíràn ojú á tì í, kò ní lọ. Ó pa ọjọ́ kẹsàn-án jẹ, ó pa ọjọ́ kẹtàlá jẹ. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ilé ló lọ tààrà, ó fi aṣọ bo orí, ó ń pa eyín keke.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, awakọ̀ kan láti Ayépé yà sí ilé ìwé. Ó ní àyà Mọ́ṣádé tún dí láàárọ̀, pé ó ti rọlẹ̀ báyìí, àti pé òun ti gbé Edith lọ síbẹ̀ ná.

Harold dúró, ẹfun ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ayépé! Nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í fa sìgá! Àbí kì í wá ṣe èéfín tòun ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí lòun ń jìyà fún? Tàbí èéfín òun ti kọ́lé sínú àyà ọmọ náà, kò sì ní jáde mọ́ láé? Tó bá rí bẹ́ẹ̀ náà, kí lòun ń jìyà fún? Ọ̀nà méjì ni, ibì kan náà ni wọ́n já sí. Ó gba ilé lọ, ó fi àga gun òkè kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ohun tí Wàhábì rán sọ̀kalẹ̀, ó wá abẹ.

Abẹ yẹn gé e níka kó tó gé òwú. Ojú ìrán kan já, èkejì já. Òórùn tábà yọ láti ojú ihò kékeré náà, Harold sì gbé imú lé e, ó ń fà á símú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbà á kó gé ìkẹta. Ó ki nǹkan ọ̀hún bọ àpò, ó sáré dé Ìtòrò.

Wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán. Wàhábì jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Harold ju kakí náà sórí tábìlì.

“Tú u,” ó ní. “Ìwọ lo rán an. Àyà ọmọ mi tún ti dí. Mi ò lè ṣe é mọ́, Wàhábì. Tú u fún mi!”

Wàhábì wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára kakí náà. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó gbé páálí Harold jáde, ó fi í lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Harold rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kì í ṣe òwú aláwọ̀ ewé mọ́. Òwú funfun ni.

“Ìgbà wo?” ó bi í.

“Ọjọ́ kẹsàn-án,” Wàhábì dáhùn. “Ọjọ́ kẹtàlá. Àti àná.”

Harold dì í lọ́rùn ẹ̀wù mú. “Ìwọ! Ìwọ tí ò ń fún mi lórógbó jẹ! Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ò ń sọ fún mi!”

“Bó o bá fẹ́ lù mí, lù mí,” Wàhábì ní. “Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka àwọn ọjọ́ yẹn wò. Àwọn ọjọ́ tó ò wá ni. Bó o bá jókòó síbẹ̀ yẹn, ojú rẹ ń tì mí, mi ò lè fà á. Bó ò bá wá, màá dúró dè ọ́ títí aago márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mò ń mú abẹ. Tíṣà, o rò pé èmi ni mò ń gbé ọ ró?”

Ọwọ́ Harold rọ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wàhábì mú abẹ, ó fi í sáàárín àwọn páálí méjèèjì.

“Bó o bá ní ká tú u, a ó tú u,” ó ní. “A ó jọ fà á. Mi ò ní lè wò ọ́ níran.”

Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ti wu Harold tó. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kó tó na ọwọ́, nígbà tó sì nà án, ó fo abẹ náà, abẹ́rẹ́ ló mú. Ó rán ojú ìrán méjì tó gé padà, ó wọ́ ju bọ́tìnnì lọ, Wàhábì kò sì tú u.

“Gbé alùpùpù rẹ jáde,” Harold ní. “Ayépé là ń lọ.”

Màmá Rachel ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbóòórùn ẹ̀wù Harold, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó ya ẹnu. Ó yà á. Obìnrin náà wò ó lójú, ó sì kúrò lọ́nà fún un. Ó wá yíjú sí Wàhábì, ṣùgbọ́n Wàhábì ti fi ẹ̀yìn rìn padà.

“Ẹ má ṣe ìyọnu, Màmá,” ó ní. “Àná ni tèmi.” Ó sọdá títì, ó lọ jókòó sórí alùpùpù rẹ̀.

Mọ́ṣádé wà lẹ́sẹ̀ Edith nínú yàrá. Ó ti rù, àyà rẹ̀ ṣì ń dún wínníwínní. Harold gbé e, ọmọ náà sì gbé ojú lé e láyà, ó mí sínú, kò wúkọ́. Edith bú sẹ́kún. Ọmọ náà wá ń wo ìta láti èjìká bàbá rẹ̀.

“Dádì, ta nìyẹn?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni.”

“Kí ló dé tí wọn ò wọlé?”

Harold yíjú wo òdìkejì títì. Wàhábì ti fi ọwọ́ bọ àpò, níbi tí páálí olówùú funfun wà. Ó fi bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó tún fi bọ̀ ọ́.

“Ọjọ́ kìíní wọn nìyí,” Harold ní. Ó gbé ọmọ náà sún mọ́ fèrèsé. “Juwọ́ sí wọn, ọmọ mi. Kí wọ́n mọ̀ pé à ń wò wọ́n.”

Mọ́ṣádé juwọ́. Wàhábì gbójú sókè, ó rí wọn, ó sì yọ ọwọ́ kúrò lápò láti juwọ́ padà.