Oníbodè Ilé Ìtọ̀

Ìyá ọmọ kan kàn jù ú sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni, òun àti ìgò mínírà ńlá kan pẹ̀lú páálí bísíkíìtì. Ó ní òun ń bọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ọmọ náà jókòó sáàárín orúnkún onídìrí, ó ń mu mínírà, ó ní Mónítọ̀ ni gbogbo kíláàsì ń pe òun.

"Iṣẹ́ wo ni Mónítọ̀ ń ṣe?" Onídìrí kàn ń fi ọ̀rọ̀ lé oorun lọ ni.

"Èmi ni mo ń ṣọ́ ilé ìtọ̀, Àǹtí. Ẹni tí ò bá fún mi ní bísíkíìtì ò ní wọlé."

"Haà! Oníbodè ni ẹ́."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ kan wà, kì í ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ó máa ń mú ìtọ̀ mọ́ra títí á fi tọ̀ sára. Olómi la ń pè é. Bọ́tìnnì kan lára aṣọ ẹ̀ pupa, àwọn yòókù funfun. Àǹtí, ẹ ò bá rí i tó bá ń sunkún, bí ọmọ ológbò!"

Ọwọ́ onídìrí dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló rán bọ́tìnnì pupa yẹn nígbà tí funfun tán nílé. Ọmọ rẹ̀ ni Olómi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ló ti ń fọ aṣọ ilé ìwé tí ìtọ̀ ń rùn lára rẹ̀, tó ń pariwo mọ́ ọmọ, ọmọ ò sì sọ nǹkan kan. Kì í mu omi láàárọ̀ mọ́. Ètè rẹ̀ ti ń bó.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Onídìrí bu omi tútù sínú ife.

"Mu ún, ọmọ dáadáa. Ooru ń mú."

Ó mu ún tán, onídìrí bu òmíràn. Ó wá ń dirí bí ìgbín, ó ń tú ìlà tí kò ní àléébù, ó ń tún un dì. Kò pẹ́ tí ìdí Mónítọ̀ ò gbélẹ̀ mọ́.

"Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀."

"Ó ku díẹ̀."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó ti fẹ́ jábọ́!"

"Jókòó jẹ́ẹ́. Irun ẹ wà lọ́wọ́ mi. Ṣé o fẹ́ kó já ni?"

Ó dùn mọ́ onídìrí nínú. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ pé ẹ̀san kì í dùn.

Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ dé láti ibi tó ti lọ ra òwú ìdìrun. Bó ṣe rí orí tó wà láàárín orúnkún ìyá rẹ̀, òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, lójú ìyá rẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà á.

Ìyẹn ló bí onídìrí nínú jù. Ó já kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ lára ìṣó.

"Kékeré mi, gbà. Oníbàárà wa fẹ́ wọlé. Ìwọ ni oníbodè lónìí."

Mónítọ̀ yíjú, ó rí bọ́tìnnì pupa. Ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé.

Ọmọ onídìrí wo kọ́kọ́rọ́, ó wo Mónítọ̀ tó fi ẹsẹ̀ há ẹsẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà.

"Kí lo mú wá?"

Mónítọ̀ na páálí bísíkíìtì sí i. Ó mú ẹyọ kan, ó jókòó lórí àpótí, ó ń jẹ ẹ́ bí arúgbó tí kò léyín. Mónítọ̀ ń fò sókè fò sílẹ̀.

"Jọ̀ọ́! Mi ò ṣe mọ́!"

"Ta ni Olómi?"

"Kò sí! Kò sí Olómi níbì kankan!"

Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i. Díẹ̀ báyìí ló kù kí Mónítọ̀ má débẹ̀. Nígbà tó padà, onídìrí di ìyókù irun rẹ̀ le débi pé ojú rẹ̀ fà sókè.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ onídìrí mu omi ife kan kó tó lọ ilé ìwé. Ó dé lọ́sàn-án, aṣọ rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Inú ìyá ń dùn títí ó fi rí i tí àpò rẹ̀ wú. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, bísíkíìtì ló kún ibẹ̀.

"Ta ló fún ẹ?"

"Àwọn tó fẹ́ tọ̀. Mónítọ̀ ní ká jọ máa ṣọ́ ọ."

Onídìrí mú ooyà, ó gbé ife omi tútù sílẹ̀, ó sì ya orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Wá jókòó," ló wí. "Orí tìẹ ló kàn."