Owú Ẹ̀gbọ́n sí Aboyún Tó Ń Sáré

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, àwọn méjèèjì fẹ́ràn eré ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀gbọ́n pa á tì nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ní eré ni kò jẹ́ kó lóyún. Síbẹ̀, oyún ò dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò sáré yà kí i tòun ti oyún oṣù méjì.

“Ṣé o fẹ́ ba oyún yẹn jẹ́ ni?”

“Nọ́ọ̀sì ní kò léwu, Àǹtí. Kí n ṣáà máa rọra sá a.”

“Kí ló wá dé tí wọ́n ní kí èmi dáwọ́ dúró?”

Àbúrò sáré lọ. Ẹ̀gbọ́n ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, owú gba ọkàn rẹ̀, ó ń fẹ́ kó kọsẹ̀. Nígbà tí àbúrò kọsẹ̀ lóòótọ́ níwájú ilé, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n ti sáré dé ibẹ̀, ó dì í mú kó má baà ṣubú. Ẹ̀gbọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, owú náà ò sì tíì tán.