Ẹnu Ìyá Mirella

Mirella kò mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí Ilde, ìyá rẹ̀, kú, fọ́tò nìkan ló kù sílé, fọ́tò kì í sì í sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá gbọ́ pé wọ́n ti rí fíìmù òkú amùjẹ̀ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ṣe, pé wọn yóò fi hàn nínú gbọ̀ngàn ìjọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ńṣe ló ń ka ojúmọ́. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún tó ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn, kò sì rántí rẹ̀.

Bàbá Nazzareno ló bá a lọ, arúgbó tó gbé iná fún àwọn tó ya fíìmù náà.

Fíìmù ọ̀hún, tálákà ló ṣe é. Okùn tí wọ́n fi so àdán hàn gbangba. Ògiri ilé olódi ń mì bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ wọn ò lè gbójú kúrò.

"Àdán nìyẹn àbí ìbọ̀sẹ̀?" ẹnì kan pariwo lẹ́yìn.

"Ìbọ̀sẹ̀ mi ni," Bàbá Nazzareno dáhùn. "Wọn ò dá a padà títí dòní!"

Ni Ilde bá yọ nínú aṣọ funfun. Ọkùnrin tó ń fi ojú mú èèyàn sùn tẹjú mọ́ ọn, Ilde la ẹnu, ohùn jíjinlẹ̀ kan sì jáde. Mirella bú sẹ́kún.

"Ohùn màmá mi rèé!"

Arúgbó náà mi orí. "Ọmọ mi, má bínú. Òun kọ́."

"Báwo lẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, Bàbá?"

"A kì í gba ohùn sílẹ̀ níbi tá a ti ń ya fíìmù nígbà yẹn. Tí fíìmù bá dé Róòmù, níbi tí wọ́n ti ń parí rẹ̀, ẹlòmíì á fi ohùn tiẹ̀ sí i."

"Mo ṣebí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún!"

"Tiwa náà ni."

Ọkàn Mirella gbọgbẹ́. Ikú mú ara ìyá rẹ̀ lọ, àwọn onífíìmù mú ohùn rẹ̀. Ìkà wo ló tún kù?

"Kí ni màmá mi wá ń sọ nígbà yẹn?"

"Ohun tó bá wu kálukú ló ń sọ. Orí itan mi lo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tí ò ń ké gbẹ̀ẹ́. Ìwọ ni màmá rẹ ń rẹ̀ lẹ́kún."

Nígbà táwọn èèyàn lọ tán, Mirella bẹ ẹni tó ń fi fíìmù hàn pé kó dá a padà síbi tí Ilde ti la ẹnu, kó sì pa ohùn fíìmù náà. Ètè Ilde pàdé, ó là, ó tún pàdé, bí ẹni tó ń pe orúkọ. Mirella. Mirella.

"Màmá," Mirella dáhùn. Ohùn tirẹ̀ nìkan ló dún nínú gbọ̀ngàn náà.