Àwẹ̀ Hàlímàt

Mò ń jowú àbúrò mi Hàlímàt, mi ò ní purọ́. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà, ní Ọ̀fà níbí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ara, òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Èmi sanra láti kékeré. Bí mo bá nawọ́ sí ẹran kejì, Mummy á gbé abọ́ kúrò níwájú mi. "Ràfátù, ó tó. Ta ni yóò fẹ́ ọ báyìí?" Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Oúnjẹ ni èmi ń bá jà ní tèmi, òun ló sì ń dá mi.

Lọ́dún yìí, Ràmàdáánì parí, àwẹ̀ Hàlímàt ò parí. Ó bọ́ sí àwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì, nígbà tó yá, mi ò mọ ọjọ́ tó ń jẹun mọ́. Àáfà àdúgbò fi orúkọ rẹ̀ ṣe wáàsí. Bí àlejò bá dé, Mummy á ní, "Ọmọ mi tó ń sin Ọlọ́run nìyí," wọ́n á wá fi ojú fò mí. Èmi náà gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ Àtìní kan. Oòrùn ò tíì yẹ̀ tí òórùn ọ̀lẹ̀lẹ̀ aládùúgbò fi mú mi ṣínu. Hàlímàt ni mo bínú sí, bí ẹni pé òun ló se é.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, èmi náà ni mo sì ń rán aṣọ nìkáà rẹ̀. Kamaldeen tó fẹ́ fẹ́ ẹ ń ṣe olùkọ́ ní Ojoku. Ọkùnrin dáadáa ni, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Gbogbo ìgbà tí Hàlímàt bá wá wọ aṣọ náà wò, yóò ti tóbi fún un. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi rán an wọlé." Mò ń rán an wọlé, mò ń pòṣé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù mi. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ hàn lábẹ́ léèsì. Ó fi ìka fa awọ ikùn rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó, mo ṣì sanra níbí."

Orí mi gbóná. "Tó o bá fẹ́ bú mi, bú mi tààrà!"

"Mi ò bú yín." Omi lé ròrò sí i lójú. "Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Kí n tó tún sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ yí, ó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú píìnì lára. Èmi nìkan ni mo gbé e dé ojú títì. Kò wúwo rárá.

Ní ọsibítù, Dókítà Olúwatóyìn bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣe irú èyí rí nínú ìdílé. Mummy ní rárá o, ọmọ òun ń gbààwẹ̀ ni. Daddy wo ilẹ̀.

"Àdìkẹ́," ni wọ́n sọ. Àbúrò wọn nìyẹn, tó kú kí wọ́n tó bí wa. "Òun náà gbààwẹ̀ títí ó fi kú. A sọ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni."

"Àìsàn ni, sà, ẹ̀rù sísanra tí kì í jẹ́ kéèyàn lè jẹun," ni dókítà wí. "Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Jẹnótáìpù tí wọ́n yẹ̀ wò nítorí ìgbéyàwó, nǹkan kan péré ló ń sọ fún wa. Ọ̀pọ̀ nǹkan kéékèèké mìíràn la tún ń jogún tó ń dá sí ebi àti bí ara ṣe ń tóbi. Àwọn nìkan kọ́ ló ń fà á, ṣùgbọ́n wọ́n ń ti èèyàn sí i."

"Tèmi ńkọ́?" Ó já bọ́ lẹ́nu mi.

Ó wò mí dáadáa. "Sísanra náà ń rìn nínú ìdílé, Àǹtí. Kì í ṣe ọ̀kánjúà."

Mo wo Mummy. Mummy ń tún ìbòrí wọn ṣe.

Dókítà ní kí Hàlímàt máa jẹun díẹ̀díẹ̀, pé bí kò bá jẹ, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ dúró. Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Daddy gbé ife wàrà dání, Kamaldeen mú dàbínù, Mummy gbé abọ́ ògì, wọ́n kúnlẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ! Hàlímàt kọjú sí ògiri. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń jowú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí rí pé kí n jẹun. Mo yí padà, mo fẹ́ máa lọ.

"Àǹtí mi, ẹ má lọ." Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Bí ẹ bá jẹ, màá jẹ."

"Níṣojú Mummy?"

"Níṣojú wọn."

Mummy dìde, wọ́n gbé abọ́ náà wá bá mi. "Ràfátù, ọmọ mi, jọ̀ọ́. Jẹun."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí látọjọ́ tí mo ti gbọ́njú nìyẹn. Bí wọ́n sì ṣe ń sọ ọ́, Hàlímàt ni wọ́n ń wò.

Mo bu ṣíbí kan, mo gbé e mì. Ó ti tutù. Lórí bẹ́ẹ̀dì, àbúrò mi la ẹnu, ó gba wàrà díẹ̀ lọ́wọ́ Daddy, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé e mì. Ó wá ń wo ọwọ́ mi.

Mo bu ṣíbí kejì.