Irin tó Kán Sínú Gbòǹgbò Eyín

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe dókítà eléyín náà. Ẹni tó bá ń gbọ̀n bí ẹni òtútù mú wá sórí àga rẹ̀, kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí kòkòrò jẹ eyín ńlá ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tíṣà ni obìnrin náà, kò ro ibòmíì lọ. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló gbé ẹnu fún.

Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé gbòǹgbò eyín náà tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ ẹja. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí wọ́n ha ihò tóóró inú rẹ̀ mọ́ dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó dí i. Irin tí wọ́n fi ń ha á tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀rọ ló ń yí i, ó sì ń tẹ̀ síbi tí gbòǹgbò bá tẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín, ojú kò sì lè rí i.

Nọ́ọ̀sì rán dókítà létí pé irin ọ̀hún ti ṣiṣẹ́ lẹ́nu ẹni mẹ́ta, pé tuntun wà nínú páálí. Dókítà ní kó fi í sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni. Ọwọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ fi la ọ̀nà kó tó ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èrò ti kún ìta. Kò pẹ́ tí ohun kan fi dún pá lábẹ́ ìka rẹ̀, bí ìgbà tí èékánná bá já. Ìdajì irin ló fà jáde.

Nọ́ọ̀sì wò ó. Àbúrò rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ti pa ẹnu rẹ̀ kú tipiri, fi ojú bi í léèrè.

“Ó ti parí,” ni dókítà wí. “Ó lọ dáadáa.”

Ó dí eyín náà lé irin lórí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ wú. Dókítà júwe oògùn lórí fóònù. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ tún pè, ó júwe òmíràn. Obìnrin náà bi í bóyá kí òun lọ ya àwòrán níbòmíì, ó ní kò pọn dandan, kó ní sùúrù. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Dókítà èyíkéyìí tó bá ya eyín náà yóò rí irin níbẹ̀, funfun báláú.

Ọjọ́ tí obìnrin náà kò lè gbé itọ́ mì mọ́, tí wíwú ti dé ọrùn, ọkọ rẹ̀ gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Wọ́n dá ọ̀fun rẹ̀ lu kí èémí lè rí ọ̀nà gbà, wọ́n sì gé lára egungun àgbọ̀n rẹ̀ tó ti jẹrà. Kò kú. Ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń kọ́ ogójì ọmọ ti lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi àwòrán eyín náà han obìnrin náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ pé ó kán?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè purọ́. Irin a máa kán láìjẹ́ pé oníṣẹ́ fura. Ó jókòó.

“Mo mọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀.”

Àbúrò rẹ̀ tún kọ ọ́: Nígbà tí mo ń pè yín ńkọ́?

“Mo mọ̀.”

Obìnrin náà ká ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí, ó kọjú sí ògiri. Àsìkò yẹn ni ọkọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú omi lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́ pé ẹ̀gbọ́n àwọn dúró ti àwọn. Ẹ̀gbọ́n fà á lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó máa lọ.

Obìnrin náà padà sílé ẹ̀kọ́ lọ́dún kejì, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ni wọ́n fi í sí, níbi tí kò ti nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ìyá wọn bá kó wọn jọ, wọ́n ń kí ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń fún un ní àga. Kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Ṣùgbọ́n bí eyín bá ń dun ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, ibòmíì ni wọ́n ń gbé e lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kó gbọ́.